ÌLERA INÚ ILÉ: Àárẹ̀ Tí Kì í Ṣe Ọ̀lẹ

Ọ̀rọ̀ ti ọ̀sẹ̀ yìí kan gbogbo ilé tí ẹnì kan ti ń lo oògùn lithium. Àwọn tí a ń fún ní oògùn yìí ni àwọn tí inú wọn a máa ru sókè nígbà kan débi pé wọn kì í fẹ́ sùn, tí ìbànújẹ́ ńlá a sì bò wọ́n mọ́lẹ̀ nígbà mìíràn. Ní ọdún 1949 ni dókítà John Cade ní ilẹ̀ Ọsirélíà kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn 10 tí ó fi í tọ́jú nígbà tí inú wọn ru. Títí di òní ni ó ń ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó yẹ kí ará ilé máa ṣọ́. Ẹ̀yà ara kékeré kan wà níwájú ọrùn wa tí ó rí bí labalábá. Táírọ́ọ̀dù ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Oje tí ó ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń mú kí iṣẹ́ gbogbo ara yá. Lára àwọn kan, lithium a máa dí oje yìí lọ́wọ́. Ti àwọn obìnrin sì pọ̀ ju ti ọkùnrin lọ. Nígbà náà ni àárẹ̀ yóò dé: òtútù a máa mú ẹni náà nígbà tí kò mú ẹlòmíràn, yóò máa sanra, ìgbẹ́ rẹ̀ a le, awọ ara rẹ̀ a gbẹ, ìrònú rẹ̀ a falẹ̀, inú rẹ̀ a sì bàjẹ́. Nígbà mìíràn gẹ̀gẹ̀ a yọ lọ́rùn.

Níbí ni ewu gbé wà. Ará ilé lè wí pé ìbànújẹ́ àtijọ́ ni ó padà, tàbí kí wọn pe aláìsàn ní ọ̀lẹ. Ẹ má ṣe bá a wí. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó tọ́ kí a ti ṣe àyẹ̀wò yìí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí lo oògùn náà, kí a sì máa tún un ṣe ní ìgbà 2 lọ́dọọdún.

Bí oje náà kò bá tó, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá lithium dúró fúnra rẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tí ó bá fi í sílẹ̀ lójijì, àìsàn àkọ́kọ́ lè padà pẹ̀lú agbára, àní ó lè mú un gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Dókítà lè fún un ní levothyroxine, tí yóò rọ́pò oje tí ó dín, kí ó sì máa lo méjèèjì pọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, bàbá, ọkọ àti aya, ẹ kọ ọjọ́ àyẹ̀wò sára kàlẹ́ńdà ilé, kí ẹ sì bá aláìsàn yín lọ.