Ará Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Ẹ Gbé Ṣọ́bìrì

Ẹja ló bí oyè ọba wa. Ọmọ Òṣogbo kì í bi èèyàn pé báwo. Lárooyè, ọba wa àkọ́kọ́, ṣètùtù fún odò, Ọ̀ṣun rán ẹja jáde sí i, ó tẹ́wọ́ gbà á, wọ́n sì ń pe àwọn tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ ní Àtàójá títí dòní. Ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ̀yin tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé etí omi kí ẹ̀kọ yín tó tutù, mo fẹ́ bi yín: ta ló tún lè tẹ́wọ́ sínú odò náà lónìí láìkọ́kọ́ yọjú wo àwọ̀ rẹ̀?

Àdúgbò yìí ni wọ́n bí mi sí. Mùsùlùmí ni ìyá ìyá mi, kì í pa ìrun márùn-ún jẹ, ṣùgbọ́n bí ara ọmọ bá gbóná lóru, àfẹ̀mọ́júmọ́ ni yóò ti rán ọ̀kan nínú wa lọ sódò pẹ̀lú agbè. Ẹni tó bá ń pọn omi ọ̀hún bọ̀ kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lóhùn lójú ọ̀nà. Wọn a bu díẹ̀ sí ọmọ lẹ́nu, wọn a fi èyí tó kù wẹ̀ ẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a máa ń rí iyanrìn ìsàlẹ̀ omi náà ketekete. Kò sẹ́ni tó rò pé ẹ̀sìn kan ń bá èkejì jà nínú agbè.

Ní ọdún 2022, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun ku dẹ̀dẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kìlọ̀ pé kí àwọn èèyàn má mu omi odò náà. Ẹni tó wọ bàálù láti Bùràsílì torí omi kan, a pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà igbó Ọ̀ṣun, a ní kó má fẹnu kàn án. Ojú tì mí.

Ohun tó sọ odò di bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí kò fara sin. Ìgèdè-Èkìtì ni orísun Ọ̀ṣun. Ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kó tó kàn wá. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní wúrà. Àwọn awakùsà ń tú etí àwọn odò kéékèèké tó ń sàn wọ inú rẹ̀, wọ́n ń fọ erùpẹ̀ nínú omi láti ṣa wúrà, ẹrẹ̀ sì ń bá omi bọ̀. Àwọn kan nínú wọn tún ń fi màkúrì kó wúrà jọ. Ẹrẹ̀ ṣì lè rọlẹ̀; màkúrì kì í jẹrà. Ara ẹja ló ń sá sí, ibẹ̀ ló ti ń bọ́ sínú ọbẹ̀, ọpọlọ ọmọ inú oyún ló sì ń pa lára jù.

Bí a bá ké sí ìjọba ìpínlẹ̀, ó lè ní Àbújá ló ń fúnni níwèé àṣẹ ìwakùsà, òótọ́ sì ni: òfin orílẹ̀-èdè fi ohun àlùmọ́ọ́nì sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀. Bí a bá ké sí Àbújá, ó lè ní ọwọ́ gómìnà ni òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ sí, òótọ́ tún ni. Àárín òótọ́ méjì yìí ni omi wa ń gbà kọjá, tó ń pọ́n sí i.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ torí pé ká jókòó ka ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ará òkè odò ni, ǹ bá má ti kọ ìwé yìí. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ẹ̀yìn ilé wa. Lóṣù tó kọjá, mo dúró lórí gọ́tà kan ní àdúgbò yìí, mo ń wo ohun tó wà nínú rẹ̀: náílọ́nù píọ́ wọ́tà tó ti di òkìtì, ọ́ìlì dúdú láti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ìlédìí ọmọ, ìyẹ́ adìyẹ, bàtà ẹsẹ̀ kan. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, mo rí i tí aládùúgbò mi ṣílẹ̀kùn, tó da odindi àpò ìdọ̀tí sínú àgbàrá. Mo ní, “Ẹ̀yin mà, kí lẹ ń ṣe yẹn?” Ó ní òjò á gbé e lọ. Òjò gbé e lọ lóòótọ́. Ó gbé e wọnú Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣun gbé e gba ọ̀nà Ẹdẹ, ó ń lọ títí dé Aṣèjìrè, níbi tí wọ́n ti ń fa omi ẹ̀rọ tí àwọn ará Ìbàdàn ń mu. Bí a ti ń bú ẹni tó wà lókè wa, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó wà nísàlẹ̀ wa ṣe lè máa bú wa.

N kò yọ ara mi sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan wà tí mo kọ́ lé orí gọ́tà iwájú ilé wa, mo fi páálí kọ “Shop To Let” sí i lára, ó sì ń pa owó wọlé fún mi fún ọdún mẹ́fà. Nígbà tí àgbàrá wọ yàrá mi dé orúnkún, tó ba àpótí ìwé bàbá mi jẹ́, ìjọba ni mo kọ́kọ́ bú. Ìgbà tí omi fà tán ni mo rí i pé abẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ló dí. Mo ti wó o. Owó oṣù náà ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé irú nǹkan báyìí kì í dunni.

Ẹnìkan á ní ta la jẹ́. Ẹ rántí àwọn tó gba igbó Ọ̀ṣun sílẹ̀. Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, ọmọ Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, gbé láàárín wa ní ọ̀nà Ìbòkun títí tó fi kú ní 2009. Nígbà tí àwọn kan ń gé igi igbó náà, tí ojú àwọn mìíràn sì wà lára ilẹ̀ rẹ̀, kò dá nìkan jà. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí tó fi sìmẹ́ǹtì mọ ògiri àti ère ibẹ̀. Agbẹ́gilére ni Kàsálí Àkàngbé Ògún. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni wọ́n fi dá àwọn agégi àti àwọn agbalẹ̀ dúró: níbi tí ère bá ti dúró, ojú ti olùtalẹ̀. Ní 1965 ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní 2005 UNESCO kọ hẹ́kítà 75 rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé. Oníṣẹ́ ọwọ́ bíi tèmi tìrẹ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ìwé ńlá dé lẹ́yìn. Igbó ni orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé yẹn ṣá o, kì í ṣe gọ́tà Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ẹ̀yin ìyá aláró, mo mọ̀ pé ẹ ti ń wò mí. N kò ní kí ẹ fi aró sílẹ̀. Ìlú aró ni Òṣogbo, ìtàn sì sọ pé ìkòkò aró Ọ̀ṣun ni igi àwọn baba wa wó lù nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ débí. Ṣùgbọ́n ewé ẹ̀lú nìkan kọ́ ló wà nínú ìkòkò mọ́. Kẹ́míkà tó ń jó ọwọ́ yín kò ní ṣàánú ẹja. Ẹ jẹ́ ká jọ gbẹ́ kòtò tí a fi òkúta wẹ́wẹ́ àti iyanrìn kún, kí omi aró máa rì síbẹ̀, kó má bọ́ sí gọ́tà tààrà. A ó bá yín gbẹ́ ẹ.

Ohun tí mo ń pè yín sí kì í ṣe tuntun. Ìwọ́pópó ni a fi ń ṣí ọdún Ọ̀ṣun. Ọba á jáde, ìlù á dún, àwa náà á wọṣọ ẹgbẹ́. Ká tún ìlú ṣe, ká la ọ̀nà odò mọ́ fún ọdún, ni ìdí rẹ̀. A ti sọ ọ́ di ijó lásán. Mo fẹ́ ká dá iṣẹ́ padà sínú rẹ̀. Kí agboolé kọ̀ọ̀kan yan ojú gọ́tà tirẹ̀, kó máa kó o ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù, láti ìsinsìnyí títí oṣù kẹjọ tí ọdún yóò fi dé. Ẹrẹ̀ tí a bá kó kò gbọdọ̀ sùn sí etí gọ́tà. Òjò kan péré ló máa dá a padà. A ó jọ dá owó tíípà. Onílé tó bá ní ṣọ́ọ̀bù lórí gọ́tà, kó wá wo tèmi, kó padà lọ ro tirẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ ra ilẹ̀ etí odò, ẹ̀yin àgbà ẹbí, ẹ má tà á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, fóònù yín wúlò fún ohun tó ju ijó lọ. Ẹ máa ya àwòrán odò ní ojú kan náà, lọ́jọ́ kan náà lọ́sẹ̀, kí déètì hàn lára rẹ̀. Bí a bá ní àwòrán oṣù mẹ́fà, a ti ní ẹ̀rí. A ó kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ àyíká ìpínlẹ̀, sí àjọ tó ń rí sí odò Ògùn àti Ọ̀ṣun l’Ábẹ́òkúta, sí àjọ ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé tó ń tọ́jú igbó, àti sí ilé iṣẹ́ ìwakùsà l’Ábújá. Ohun kan ṣoṣo la ó béèrè lọ́wọ́ gbogbo wọn: kí wọ́n máa yẹ omi wò lóṣooṣù, kí wọ́n sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ògiri ní Ọjà Ọba, ní èdè Yorùbá tí ìyá ẹlẹ́ja lè kà tàbí kí ọmọ rẹ̀ kà fún un. Ẹ má kọ ọ́ bí ìwé ẹ̀bẹ̀. Ẹ̀yin lèmọ́ọ̀mù àti ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kéde rẹ̀ ní Jímọ̀ àti ní Sọ́ńdè; omi tí ìjọ yín ń mu ni. Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà l’Áméríkà, àti ẹ̀yin olórìṣà Bahia àti Havana tó ń pe Ọ̀ṣun lójoojúmọ́, ẹ kọ tiyín náà. Lẹ́tà àjèjì máa ń tètè rí ẹni kà á l’Ábújá ju tiwa lọ. Ìbànújẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká lò ó.

Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, agogo méje àárọ̀, níbi tí ṣọ́ọ̀bù mi wà tẹ́lẹ̀. Ẹ mú ṣọ́bìrì, ẹ mú ọkọ́, ẹ wọ bàtà òjò. Mo ti san owó tíípà àkọ́kọ́.