Bí Tọkọtaya Bá Kọ Ara Wọn, Ta Ni Yóò Bọ́ Ọmọ?

Bí kóòtù ìbílẹ̀ bá ti tú ìgbéyàwó ká, tí wọ́n sì ti dá owó orí padà, àwọn ọkọ mìíràn a gbà pé ọ̀rọ̀ bùṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ọdún 2003, tí ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ìhà Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù ti sọ di tiwọn, ní ire ọmọ ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú. Bàbá àti ìyá ló sì gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀. Kí ìyá tó bá ń tọ́mọ má ṣe kúrò ní kóòtù láì béèrè owó oúnjẹ àti owó ilé-ìwé, kí adájọ́ sì pa á láṣẹ. Ẹni tó ṣègbéyàwó ní rẹ́jísírì, kóòtù gíga ni kó lọ. Ọkọ lè kọ aya, aya lè kọ ọkọ. Ọmọ kò kọ ẹnikẹ́ni.