Ọlọ́wẹ̀ Kò Sọnù Rí

Ó tó gẹ́ẹ́! Etí wa ti kún fún ọ̀rọ̀ pé àwọn òyìnbó ló “ṣàwárí” Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére Ìsẹ̀-Èkìtì. Ohun tó bá sọnù là ń wá. Ta ló sọ fún wọn pé Ọlọ́wẹ̀ sọnù?

Ẹ jẹ́ ká tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀. Láàárín ọdún 1910 sí 1914 ni Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ òpó àti ìlẹ̀kùn sí ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Lára ìlẹ̀kùn náà, ó gbẹ́ òyìnbó ajẹ́lẹ̀ tí wọ́n rù wá kí ọba. Lọ́dún 1924, wọ́n gbé ìlẹ̀kùn yìí lọ síbi àfihàn ńlá ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. British Museum fẹ́ rà á. Ògògà kò gbowó, àga ọba tí wọ́n ṣe nílùú òyìnbó ló gbà dípò rẹ̀. Wọ́n wo iṣẹ́, wọ́n yin iṣẹ́, wọn ò dárúkọ ẹni tó ṣe é. Bẹ́ẹ̀ Ọlọ́wẹ̀ ṣì wà láyé, òun náà ló tún gbẹ́ ìlẹ̀kùn mìíràn sí ààfin!

Ó kú ní 1938. Ó di 1998, ọgọ́ta ọdún gbáko, kí Smithsonian ní Washington tó ṣe àfihàn tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n ní 1988, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì ń ki oríkì rẹ̀ fún John Pemberton, olùwádìí ará Amẹ́ríkà. Ìsẹ̀ ò gbàgbé.

Àwa tí à ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ̀ pé “kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n” yàtọ̀ sí “a ò béèrè”. Ọ̀pọ̀ ère Yorùbá tí wọ́n kọ “a ò mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ” sí lára, “a ò béèrè” ló yẹ kí wọ́n kọ síbẹ̀.

Àwọn kan á ní bí kò bá sí mùsíọ́mù, ikán ìbá ti jẹ igi náà tán. A gbà. Igi ni wọ́n tọ́jú. Orúkọ, obìnrin ilé ló tọ́jú ìyẹn.

Àwa náà ńkọ́? Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Òmùò, à ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ààfin, à ń gbé e sórí Instagram, a kì í béèrè ẹni tó gbẹ́ ẹ. Kí la wá fi sàn ju òyìnbó 1924 lọ? Àwọn ìyá tó mọ oríkì àwọn oníṣẹ́ ọnà ò ní dúró dè wá. Ẹ lọ bá wọn báyìí, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù, ẹ kọ orúkọ sábẹ́ fọ́tò, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó gbé e síta.