Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Tí Ń Kọ Ìtàn Òkú Amùjẹ̀

Ẹ̀yin òǹkọ̀wé, ẹ̀yin a-fi-tàdáwà-dárà, ẹ̀yin tí ẹ sọ òkú tí ń jí lóru láti mu ẹ̀jẹ̀ alààyè di ẹni tí ayé ń ṣàánú, mo kí yín. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran, ó sì jọ pé omijé ti bo yín lójú.

Ẹ̀yin kọ́ lẹ bẹ̀rẹ̀ àánú náà. Varney, amùjẹ̀ inú ìwé olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà ní Lọ́ńdọ̀nù láàárín 1845 sí 1847, kórìíra ìwà ara rẹ̀ títí ó fi bẹ́ sínú òkè oníná Vesuvius. Òun kábàámọ̀, ó sì san gbèsè. Ti òde òní ńkọ́? Ẹkún lásán ni.

Ẹ wo Louis, tí Anne Rice gbé jáde nínú Interview with the Vampire ní 1976. Olóko èlú ni lẹ́bàá New Orleans, àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú ló sì ń fi òógùn ojú wọn bọ́ ọ, kí ó tó di amùjẹ̀ àti lẹ́yìn tí ó dì í. Ó ń mu ẹ̀jẹ̀ eku nítorí pé ẹ̀rí ọkàn ń dà á láàmú, ó ń bi ara rẹ̀ bóyá ẹni ègbé ni òun, òun ló sì ń rojọ́ fún ọ̀dọ́mọkùnrin oníròyìn kan, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí a bá pa ìwé dé, ìbànújẹ́ Louis là ń rántí, a kì í rántí orúkọ ẹrú kan. Ọwọ́ Rice mọ́ iṣẹ́, n kò jiyàn; ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. (Ti Edward tí Stephenie Meyer kọ ní 2005, tí oòrùn kò lè pa, àfi kí ó máa mú un dán, ẹ jẹ́ kí n fi sílẹ̀.)

Bram Stoker náà ṣègbè nínú Dracula, ní 1897: ọ̀tá amùjẹ̀ náà nìkan ló fún ní gègé. Sheridan Le Fanu ló ṣe é bí ó ti yẹ nínú Carmilla, ní 1872: Laura, tí ó mọ eyín Carmilla amùjẹ̀ lára bí abẹ́rẹ́ méjì, ni ó ń sọ̀tàn, síbẹ̀ etí rẹ̀ kò yé retí ẹsẹ̀ Carmilla lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù àti ìfẹ́ wà lọ́kàn kan náà, kò sì sí ẹni tí a dá láre lọ́fẹ̀ẹ́.

Nítorí náà mo bẹ̀ yín: kí ẹ tó jẹ́ kí amùjẹ̀ sunkún nínú ìwé tí ẹ ń kọ lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ bèèrè orúkọ ẹni tí ó mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí onítọ̀hún ro tẹnu rẹ̀ tán.