Àwọn Tí Ń Kọ́lé sí Ojú Odò

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti sú mi í gbọ́. Nígbàkúùgbà tí omíyalé bá pa ènìyàn ní ìlú ńlá wa, àwọn àgbààgbà yóò mi orí, wọn yóò sì wí pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí, ẹ má ṣe gbà á gbọ́. Ọlọ́run ni ó rọ òjò. Ènìyàn ni ó kọ́lé dí ọ̀nà omi.

Ẹ wo Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa tí ó la àárín ìlú náà kọjá kún bo bèbè rẹ̀. Ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ẹ̀mí tí ó sì bá a lọ ju 100 lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, nígbà tí ó ku ọjọ́ márùn-ún péré kí ó pé ọdún 31, omi tún ya ìlú kan náà, òkú tún ju 100 lọ. Ta ni yóò pe èyí ní àìmọ̀?

Ọmọ kíláàsì kẹta mọ̀ pé ibi tí ó rẹlẹ̀ ni omi ń ṣàn sí. Ní ìgbà àwọn baba wa, koríko àti oko ni ó yí odò ká. Bí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ a mu púpọ̀ nínú rẹ̀, ìyókù a sì rọra ṣàn lọ. Lóde òní, orí páánù, ojú títì ọlọ́dà àti àgbàlá tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ni òjò ń bọ́ sí. Kò rí ibi wọlẹ̀, gbogbo rẹ̀ a sì rọ́ lọ sínú odò lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tí omi pọ̀ sí i yìí gan-an ni a wá ń fún ọ̀nà rẹ̀ pọ̀: ẹnìkan da ìdọ̀tí sí i, ẹnìkejì da iyẹ̀pẹ̀ sí bèbè, ẹnìkẹta sì fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀. Àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ṣùgbọ́n onílé tí ó gbẹ́ ojú àgbàrá ni òwe náà ń bá wí, kì í ṣe ẹni tí ó kọ́lé lé e lórí.

Àwọn kan yóò sọ pé òtòṣì ni ó ń gbé bèbè odò, pé kò rówó ra ilẹ̀ sí ibòmíràn. Òótọ́ ni, èmi kò sì bá òtòṣì jà. Ọmọ onílẹ̀ ni mo ń bá wíjọ́, ẹni tí ó mọ̀ pé omi a máa dé ibẹ̀, tí ó wá tà á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo ń bá òṣìṣẹ́ tí ń yẹ pílánù ilé wò wíjọ́ pẹ̀lú, ẹni tí ó rí ìpìlẹ̀, tí ó rí ògiri, tí ó gba ẹ̀gúnjẹ, tí ó sì dákẹ́. Ìgbà tí a kan páánù tán, tí àwọn ọmọ ti ń sùn nínú yàrá, ni ó tó gbé ọ̀dà pupa wá láti kọ ọ́ sára ògiri pé kí a wó o. Ìkà wo ni ó ju èyí lọ?

Àìgbọràn yìí kò sì mọ ní àdúgbò tálákà. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ la Bódìjà sílẹ̀ fún ibùgbé ní ìparí àwọn ọdún 1950. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 16 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ohun abúgbàù fọ́ àdúgbò náà, ó pa ènìyàn, ó wó ilé. Gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ pé àwọn awakùsà aláìgbàṣẹ ni wọ́n kó o pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Ilé gbígbé ni a sọ di àká ẹ̀tù! Aládùúgbò tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ni ó sì fi ara gbá a.

Ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹ̀yin náà yóò ra ilẹ̀. Ẹ lọ wò ó ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lọ́wọ́. Bí ẹnìkan nínú yín bá sì di aṣòfin, èyí ni mo ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: kí katapílà tó wó ilé kan lójú odò, kí ẹni tí ó ta ilẹ̀ náà àti ẹni tí ó fọwọ́ sí pílánù rẹ̀ kọ́kọ́ san owó onílé padà fún un.