Kíkàn àti Yíyà: Èrò lórí Ìperí Súìṣì Iná Bíréèkì

Ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi tẹlẹ̀. Òwe yìí tọ́ sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ohun ìmọ̀ ẹ̀rọ. Láti 1970 tí Ètò Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì ni àríyànjiyàn ti kúrò lórí bóyá èdè náà lè gbé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó kù ni bí ìperí yóò ṣe péye. Ìdìpọ̀ kìíní *Èdè-Ìperí Yorùbá*, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, dá lórí èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Iná ọkọ̀ kò sí lára iṣẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ ṣàlàyé iná bíréèkì ní láti wá ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ó ti rọrùn láti ṣìnà.

Ọ̀ràn náà kì í ṣe ti orí ìwé nìkan. Lójú ọ̀nà tí ó ti Àkúrẹ́ gba Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Adó, àti ní àwọn ọ̀nà tí ó lọ sí Ìsẹ̀ àti Èmùré, bọ́ọ̀sì èrò àti ọkọ̀ akẹ́rù ń tẹ̀lé ara wọn. Iná pupa ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ó ń kìlọ̀ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn pé ẹni iwájú ti tẹ bíréèkì. Awakọ̀ kò lè rí iná yìí láti orí ìjókòó rẹ̀. Bí kò bá tàn mọ́, ẹlòmíràn ni ó lè kọ́kọ́ fara gbá a.

Iná 12 fóòtì a máa kúrò ní bátìrì, a gba inú fíúùsì dé súìṣì tí ó wà lókè pẹ́dàlì bíréèkì, a sì lọ sí gílóòbù lẹ́yìn. Láti ibẹ̀ ni yóò ti gba irin ara ọkọ̀ padà sí bátìrì. Nítorí àpadàbọ̀ yìí ni "ìyípo iná" fi dára ju "ọ̀nà iná" lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí ẹsẹ̀ kò bá sí lórí pẹ́dàlì, pẹ́dàlì ti ahọ́n súìṣì wọlé, irin méjì inú rẹ̀ sì yà. Bí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́, ahọ́n náà yọ jáde, irin méjèèjì sì kàn.

Ìwé atọ́nà Gẹ̀ẹ́sì a máa pe yíyà yìí ní ṣíṣí, a sì máa pe kíkàn ní títì. Atúmọ̀ tí ó bá gbé e bẹ́ẹ̀ wọ inú Yorùbá ti dojú ọ̀rọ̀ dé. Lẹ́nu Yorùbá, bí ẹ̀rọ omi bá ṣí, omi ń ṣàn. Bí ọ̀nà bá ṣí, ọkọ̀ ń kọjá. Bí a bá tì í, ohunkóhun kò kọjá mọ́. Ọmọ-iṣẹ́ tí ó bá kà á pé súìṣì ṣí sílẹ̀ yóò máa retí iná tí kì í kú, nígbà tí ìwé ń sọ̀rọ̀ iná tí kò tàn.

Ẹ wo bí ìwádìí ṣe rí lọ́dọ̀ rewáyà, ẹni tí ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Bí iná bíréèkì kò bá tàn, ó lè jẹ́ pé gílóòbù tàbí fíúùsì jó, tàbí súìṣì kò kàn mọ́, tàbí wáyà já, tàbí ibi tí wáyà ti so mọ́ irin ọkọ̀ ti dípẹtà. Bí iná ọ̀tún àti ti òsì bá kú pọ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí ó jẹ́ ti gílóòbù. Yóò wo fíúùsì, yóò so iná ìdánwò mọ́ irin ọkọ̀, yóò sì fi ẹnu rẹ̀ kan wáyà méjì tí ó wọ súìṣì. Bí èyí tí ó ti fíúùsì wá kò bá tan iná ìdánwò, ẹ̀bi náà ti wà kí iná tó dé súìṣì. Bí ó bá tàn, tí èkejì kò tàn nígbà tí a tẹ bíréèkì, súìṣì ni kò kàn: yálà ó bàjẹ́, tàbí ó yẹ̀ ní ipò rẹ̀. Bí méjèèjì bá tàn, kí ó máa wá a lọ sẹ́yìn. Súìṣì tí kò yà mọ́ ńkọ́? Iná kò ní kú, bátìrì lè kú mọ́jú, ẹni ẹ̀yìn kò sì ní mọ ìgbà tí a tẹ bíréèkì.

Àwọn kan lè ní kí "já" dúró fún yíyà. Kò yẹ. Ohun tí ó já ti bàjẹ́. Súìṣì tí ó yà ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni. Kàn àti yà fún súìṣì, já fún wáyà: ìyàtọ̀ yìí ni ìwádìí dúró lé. Àwọn ọ̀rọ̀ náà kò sì gbó: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní tí ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀, bí súìṣì yìí kò bá kàn, jíà kò ní kúrò ní ipò ìdúró.

Ní Ìkẹ́rẹ́, yunifásítì tí ń kọ́ olùkọ́, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ kò jìnnà sí ibi tí àwọn rewáyà ti ń ṣiṣẹ́. Kí ẹni tí yóò kọ ìperí kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ wọn, kí ó gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí nígbà tí iná ìdánwò wà lọ́wọ́ wọn, kí ó tó ṣí ìwé atúmọ̀-èdè.