Ta ló yẹ kó sanwó ilẹ̀ tí ìlú Accra ń dà nù?

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹfà, ọdún 2015, òjò ńlá rọ̀ sí ìlú Accra, olú-ìlú Ghana. Àwọn èèyàn sá wọ abẹ́ òrùlé ilé epo kan nítòsí Kwame Nkrumah Circle. Omi ń ga sí i, epo ń léfòó lórí rẹ̀, iná sì ràn mọ́ ọn. Ó lé ní 150 èèyàn tó bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ. Odò Odaw, tó yẹ kó gbé omi ìlú lọ sínú òkun, ti kún fún yẹ̀pẹ̀, ọ̀rá àti pàǹtírí.

Láti ìgbà náà, bí àsìkò òjò bá ti dé ni ìbéèrè kan náà ń padà wá: ta ló yẹ kó sanwó àtikó ilẹ̀ ìlú yìí?

Òfin Ghana ti dáhùn: ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ni. Irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ 261 ló wà káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni òfin gbé lé wọn lọ́wọ́. Owó iṣẹ́ náà wà níbòmíràn.

Owó tó ń gba ọ̀nà jíjìn

Ìwé òfin Ghana ti ọdún 1992 là á kalẹ̀ pé, ó kéré tán, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè náà gbọ́dọ̀ lọ sínú àpò kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀, ìyẹn District Assemblies Common Fund. Wọ́n sún un dé 7.5% lẹ́yìn náà. Lórí ìwé, owó ńlá ni. Àmọ́ ó máa ń pẹ́ kó tó dé, apá kan rẹ̀ kì í sì í dé rárá, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba orílẹ̀-èdè fi ń yọ owó àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ń gbálẹ̀ àti àwọn tó ń fín oògùn apakòkòrò kúrò nínú rẹ̀ kí wọ́n tó fi ìyókù ránṣẹ́. Olórí ìjọba ìbílẹ̀ lè rí i pé iṣẹ́ kò dára ní àdúgbò rẹ̀, kó má sì lè dá owó agbaṣẹ́ṣe náà dúró. Kì í ṣe òun ló gbéṣẹ́ fún un, kì í sì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ni owó ti ń jáde.

Owó orí ilé ló yẹ kó jẹ́ òpómúléró, nítorí pé iye ilé ní Accra ń ga bí ìlú ti ń gbòòrò. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ gba owó orí ilé gbọ́dọ̀ mọ ilé tó wà, ẹni tó ni ín àti iye tó tó. Àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ kò pé tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2023, ìjọba gbé gbígba owó náà lé àjọ agbowó-orí orílẹ̀-èdè lọ́wọ́. Kò pẹ́ tó fi padà sọ́wọ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Ó rọrùn láti gba owó ojúmọ́ lọ́wọ́ obìnrin tó pàtẹ tòmátì sí ọjà Makola ju kí wọ́n wá onílé alájà mẹ́ta tó ń gbé òkè òkun rí lọ.

Nígbà tí owó kò tó, ìgbìmọ̀ Accra yíjú sí aráàlú. Wọ́n pín ìlú sí ẹkùn, wọ́n gbé ẹkùn kọ̀ọ̀kan fún ilé iṣẹ́ àdáni, wọ́n ní kí ẹni tó bá da ilẹ̀ máa sanwó rẹ̀. Níbi tí títì ti gbòòrò, ètò náà ń lọ. Àmọ́ ọkọ̀ akólẹ̀ ńlá kò rọ́nà wọ ọ̀pọ̀ ojúlé ní Nima tàbí Old Fadama. Níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló ń kó o. "Borla taxi" ni wọ́n ń pe kẹ̀kẹ́ náà. (Ẹni tó bá gbọ́ Hausa yóò dá ọ̀rọ̀ náà mọ̀: òun náà ni wọ́n fi ń pe ààtàn ní Kano.) Arúfin ni ìgbìmọ̀ ìlú kọ́kọ́ kà wọ́n sí, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ wọn sílẹ̀. Owó kékeré ni wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá àpò ẹni tí kò ní owó oṣù mu. Ẹni tí kò bá ní in rárá, gọ́tà wà nítòsí rẹ̀.

Gbèsè láti kọ́ ààtàn, gbèsè láti tì í

Ibi tí ilẹ̀ náà ń lọ tún jẹ́ ẹrù mìíràn. Owó Báǹkì Àgbáyé wà nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ààtàn Kpone, nítòsí Tema. Ó yára kún ju bí wọ́n ti rò lọ, iná ràn níbẹ̀ ní ọdún 2019. Iṣẹ́ àtitì í pa àti àtibò ó mọ́lẹ̀ wá bọ́ sínú ètò GARID, tí Báǹkì Àgbáyé kan náà fọwọ́ sí ní ọdún 2019 pẹ̀lú 200 mílíọ̀nù dọ́là. Ètò yìí ló tún yẹ kó gbẹ́ odò Odaw. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé, wọ́n yí 65 mílíọ̀nù dọ́là nínú rẹ̀ sí ètò ìlera. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ìlera kò ṣe pàtàkì, àmọ́ ó hàn níbẹ̀ pé owó ìmọ́tótó kì í ṣòro fà lọ. Gbèsè sì ni owó náà. Yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n bá fi gbẹ́ lọ́dún yìí yóò tún padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, kò sì sí báǹkì tó ń yáni lówó ìgbálẹ̀ ojoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Nàìjíríà. Ìwé òfin ọdún 1999 gbé kíkó ilẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboògbò fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n inú àpò àjùmọ̀ni pẹ̀lú ìpínlẹ̀ ni owó wọn ń gbà kọjá, títí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fi pàṣẹ ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 2024, pé kí owó náà máa lọ tààrà. Ìdájọ́ náà sọ ọwọ́ tí owó yóò bọ́ sí. Ọkọ̀ akólẹ̀ àti ààtàn ńlá ṣì wà lọ́wọ́ àwọn àjọ ìpínlẹ̀, bíi LAWMA ní Èkó.

Ní Ghana, ààrẹ ló ń yan olórí ìjọba ìbílẹ̀. Ìbò tí wọ́n fẹ́ fi yí èyí padà ní ọjọ́ 17, oṣù Kejìlá, ọdún 2019 kò wáyé. Ààrẹ Nana Akufo-Addo fagi lé e. Ní ọdún 2025, ìjọba John Mahama pàṣẹ pé ó kéré tán 80% owó Common Fund gbọ́dọ̀ lọ tààrà sọ́dọ̀ àwọn ìgbìmọ̀. Ohun tí àwọn olórí ìjọba ìbílẹ̀ ń wò nígbà náà ni bóyá inú 20% tó kù nìkan ni owó àwọn agbaṣẹ́ṣe yóò ti máa jáde, tàbí ìwé àdéhùn náà yóò wá sọ́dọ̀ wọn kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn buwọ́ lù ú.